Mo Fi Ìfẹ́ Ọ̀rẹ́ Mi Ránṣẹ́ sí Tẹlifíṣọ̀n

Wọ́n ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tó pa òwe yẹn kò mọ irú ẹjọ́ tèmi. Mo ti mọ̀ ọ́n lẹ́bi láti oṣù keje, mo ti kúnlẹ̀, mo ti dojú bolẹ̀, orúnkún mi ṣì wà nílẹ̀ títí di òní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi tó, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni kí ẹ fi kún un.

Wakako lorúkọ mi, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ṣọ́ọ̀bù irun kan ṣoṣo tó wà ní ìlú wa, èmi ni mo ni ín: àga mẹ́ta, ẹ̀rọ ìgbẹrun méjì, tẹlifíṣọ̀n kan lókè dígí. Òkun wà níwájú wa, òkè wà lẹ́yìn, ojú irin kan ló gba àárín kọjá.

Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tí àwọn eré ìfẹ́ tuntun bá bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wo apá kìíní, tí mo sì máa ń kọ ohun tí ojú mi rí sínú ìwé kan tí mo so mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí. "Ọkùnrin yìí dára lójú, ṣùgbọ́n kò mọ ẹkún sun." "Obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lórí ibùsùn, ta ló wá bá a ṣe irun?" Àwọn oníbàárà mi á kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó mọ eré tí wọ́n máa tẹ̀ lé. Wọ́n ní ẹnu mi mú. Mo gbà wọ́n gbọ́, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Chizuru ni ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti jọ ń gbé báàgì pupa lọ sí ilé ìwé. Shuji ọkọ rẹ̀ bá òkun lọ, ó kú tán ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Kinu ni ìyá náà ń jẹ́, gbogbo wa ń pè é ní Ìyá. Chizuru kò padà sílé bàbá rẹ̀. Ó dúró ti ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń sè fún un, ó ń fọṣọ fún un, ó ń gbé ìrẹsì gbígbóná síwájú àwòrán Shuji láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo ń fọ irun rẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: oníbàárà á fẹ̀yìn lélẹ̀, a ó fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́ kan bò ó lójú kí omi má baà ta sí i. Abẹ́ aṣọ yẹn ni ẹnu àwọn èèyàn ti máa ń là. Bóyá nítorí pé wọn kò rí ojú mi ni.

"Wakako," ó ní, "bí mo bá sọ nǹkan fún ẹ, ṣé wàá lè gbé e mì?"

"Mo ti gbé ti gbogbo ìlú yìí mì, ikùn mi ò tíì bẹ́. Sọ ọ́."

"Morio ni."

Ọwọ́ mi dúró lórí rẹ̀. "Morio wo? Morio awakọ̀ ojú irin? Morio eléti ńlá?"

"Má fi etí ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́," ó ní, mo sì gbọ́ ẹ̀rín lábẹ́ aṣọ náà.

Bó ṣe rí nìyí. Láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú àwọn àgbà máa ń wá gbé Ìyá láago mẹ́jọ. Tí bọ́ọ̀sì bá ti lọ, Chizuru á gbé kúbùsù kan sá sórí irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, tó dojú kọ ojú irin. Kúbùsù pupa ni, ẹyẹ agùfọn funfun mọ́kànlélógún ló wà lára rẹ̀. Ìyá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán wọn sílẹ̀ de ìgbéyàwó Shuji. Èyí tó wà ní igun ìsàlẹ̀, ọrùn rẹ̀ wọ́.

Ẹ sì mọ àwọn awakọ̀ ojú irin wa. Gbogbo iná àmì tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n á na ìka sí i, wọ́n á pè é sókè, kí ojú, ọwọ́ àti ẹnu lè jọ jẹ́rìí síra wọn. Morio á na ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀ sí iná tó wà ní kọ́nà: "Àmì, ó dára!" Lẹ́yìn náà, tí ọkọ̀ bá yà kọ́nà, ó tún máa na ìka kan náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Chizuru.

"Kí ló máa ń wí?" mo bi í.

"Ó máa ń ní, 'Kúbùsù, ó dára!'"

Tí iṣẹ́ àárọ̀ bá parí, ó máa ń wá bá a jẹun ọ̀sán. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ̀dá alààyè kan kò mọ̀.

"Oṣù kẹwàá ọdún tó ń bọ̀ ni ìrántí ọdún kẹtàlá ikú Shuji," ó ní. "Tí a bá ṣe é tán, màá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá, màá sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ẹnu ara mi. Morio fẹ́ lọ bá a fúnra ẹ̀, mo ní rárá. Ìyá ló bí ọmọ tó kú. Kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

Mo fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ ṣan irun rẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ta mí láyà, n kò ní parọ́ fún yín: ìlara ni. Ọkọ tèmi ti kó lọ sí Osaka láti ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tó wà nílé pàápàá, kò tọ́ka sí mi rí, àfi tó bá fẹ́ kí n gbé ọtí wá.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá ni mo rí ìkéde kan nínú ìwé ètò tẹlifíṣọ̀n. Ilé iṣẹ́ kan ń wá ìtàn ìfẹ́ tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Èyí tó bá dára jù, wọ́n á fi ṣe eré ní oṣù keje, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ á sì hàn ní ìparí apá kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ yẹn ló pa mí. Ogún ọdún ni mo ti ń sọ ohun tó dára àti ohun tí kò dára nínú iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì. Mo jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, mo kọ ojú ìwé mọ́kànlá láìsinmi.

Mo pààrọ̀ orúkọ wọn. Mo pààrọ̀ ìlú. Mo rò pé mo ti fi wọ́n pamọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ọlọ́rùn wíwọ́ yẹn, ọwọ́ mi kọ̀ láti yọ ọ́. Ó ti dùn jù. Mo ní, "Wakako, ta ló máa mọ̀? Ṣé ìwọ ni wọ́n máa mú láàárín gbogbo ayé?"

Èmi ni wọ́n mú.

Ọmọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú ló pè mí nínú oṣù kejì. Ó kí mi títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dánu dúró. Ó wá ní, "Màdáámù, ẹni tó ni ìtàn yìí gan-an, ṣé ó mọ̀ pé ẹ kọ ọ́?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú ọ̀nà tí mo lè gbà padà nìyẹn. Ó là sílẹ̀ gbayawu níwájú mi.

"Ó mọ̀," mo ní.

Wọ́n fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́, mo tẹ òǹtẹ̀ mi síbi mẹ́ta, ọwọ́ mi kò sì gbọ̀n.

Oṣù márùn-ún ni Chizuru fi ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo ń fọ irun rẹ̀, tí ó ń sọ fún mi lábẹ́ aṣọ funfun bí Morio ṣe ń jẹun àti aṣọ tí ó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kúnlẹ̀ fún Ìyá. Gbogbo ìgbà ni mo ń ní lọ́kàn pé òní ni màá sọ ọ́. Ẹnu mi á ṣí, n ó wá béèrè pé, "Ṣé omi ò gbóná jù?"

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, oorun kò wá mọ́. Mo pe ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ dákun, ẹ bá mi dá a dúró."

"Háà, màdáámù! A ti ya apá mẹ́fà tán."

"Ẹ yọ ẹyẹ ọlọ́rùn wíwọ́ yẹn kúrò nígbà náà."

"Ẹyẹ yẹn gan-an ni olùdarí wa fẹ́ràn jù! Ó ní òun ni ọkàn eré náà."

"Ó dáa, ẹ yọ orúkọ mi."

Mo gbọ́ tó ń ṣí ìwé. "Ó wà nínú àdéhùn, màdáámù. Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀. Ẹ má fòyà, gbogbo àwọn tó bá kọ̀wé fúngbà àkọ́kọ́ náà ni àyà máa ń já."

Ó rò pé ìtìjú ló ń ṣe mí. Ó ní òun á máa gbàdúrà fún àṣeyọrí wa.

Alẹ́ Ọjọ́rú kan nínú oṣù keje ni apá kìíní jáde. Mo wò ó lémi nìkan. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo rò? Ó dára. Ó dára débi pé mo sunkún. Òṣèrébìnrin náà ká kúbùsù náà bí Chizuru ṣe máa ń ká a gan-an, tó bá gbé e mọ́ra, á fi àgbọ̀n rẹ̀ tì í. Mo ti kọ èyí náà. Nígbà tí awakọ̀ na ìka, tí kámẹ́rà sún mọ́ ẹyẹ ọlọ́rùn wíwọ́, mo fi ọwọ́ bojú. Ní ìparí, orúkọ mi kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n. Kò ju ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ilé Chizuru ló yẹ kí n sáré gbà. Ṣùgbọ́n láti sọ fún un pé kó má sá kúbùsù, n ó ní láti sọ ìdí rẹ̀. Ojo ni mí. Mo rò ó pé ti Morio á rọrùn. Màá kàn sọ fún un pé kó má tọ́ka lónìí, ó tán.

Mo bá a ní ibùdókọ̀ èbúté, ó ń wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Morio-san, ṣé ẹ wo tẹlifíṣọ̀n lánàá?"

"Èmi kẹ̀? Aago mẹ́jọ ni mo ti sùn. Aago mẹ́rin ni mo máa ń jí."

"Ẹ gbọ́ mi, ẹ dákun. Tí ẹ bá dé kọ́nà..."

"Wakako-san, ìṣẹ́jú kan péré ló kù. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá pẹ́ díẹ̀, ìwé ni wọ́n máa ní kí n wá kọ."

Ó wọ yàrá awakọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ ojú irin wa kò ju yàrá kan lọ, dígí ló pín awakọ̀ àti èrò níyà. Wọ́n kọ ọ́ sára dígí náà gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ bí ọkọ̀ bá ń rìn. Mo dúró sídìí àkọlé yẹn bí ẹni tí wọ́n ní kó kà á jáde.

Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń lọ sílé ìwé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ìwọ náà wò ó?"

"Ṣé o ń béèrè ni? Mo sunkún títí imú mi fi dí."

"Awakọ̀ yẹn mà rẹwà o! Irú ẹ̀ ò sí láyé."

"Tiwa ló wà níwájú yìí. Wo etí ẹ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ọ, bóyá òun náà á tọ́ka sí ilé olólùfẹ́ ẹ̀." Ó yọ fóònù, ó ń fi ya ẹ̀yìn orí Morio.

Mo gbá dígí. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá kan tó jókòó sẹ́yìn mi jágbe: "Màdáámù, kí ló ń ṣe yín? Ṣé ẹ fẹ́ pa gbogbo wa ni?"

Morio kò lè yíjú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa wo iwájú.

A dé ibi iná. Ìka rẹ̀ nà. "Àmì, ó dára!" Àwọn ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ yà kọ́nà. Mo rí i lókèèrè, pupa, lórí irin ọ̀dẹ̀dẹ̀, oòrùn àárọ̀ ń ràn lé e lórí. Ìka Morio nà. Ọdún mẹ́rin ni ìka yẹn ti ń nà, kò dúró bi í mọ́.

"Kúbùsù, ó dára!"

Ariwo ta nínú ọkọ̀.

"Agùfọn! Ẹ wò ó, agùfọn funfun ni!"

"Òun ni! Òun gan-an ni!"

"Ó ti wọ fóònù mi! Mo ti yà á!"

Mo rí etí ńlá Morio láti ẹ̀yìn. Ó pọ́n díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dà bí kúbùsù yẹn. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, kò sì lè yíjú, kò lè dá ọkọ̀ dúró, kò lè ṣe ohunkóhun ju kó máa wà á lọ. Èmi náà dúró lẹ́yìn dígí. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọmọ ilé ìwé ti rí i. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọjà ẹja ti rí i, àwọn ọ̀gá Morio náà ti rí i. Kò lọ jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ Chizuru. Ó kàn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ pé iṣẹ́ ká òun mọ́, òun á ṣàlàyé.

Chizuru kò mọ nǹkan kan. Kì í wo tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ kí Ìyá má baà jí. Ìlú wa kì í sì í sọ̀rọ̀ lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n á tẹríba fún un, wọ́n á ní oòrùn yìí mà mú o, wọ́n á ní báwo ni Ìyá. Tó bá kọjá tán, wọ́n á wo ara wọn.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ tí Ìyá máa ń wá mú irun rẹ̀ ká. Mo gbàdúrà kí òjò rọ̀, kí ó má lè wá. Òjò kò rọ̀. Chizuru dì í lọ́wọ́ mú wọlé láago kan ààbọ̀.

Toyoko, ìyàwó ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ, ti wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹrun. Tí Toyoko bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi lè gbọ́ ọ. Ilé ọmọ rẹ̀ tó lọ kí ló ti dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò tíì gbọ́ ohun tó ń lọ nílùú.

"Wakako-san, ìwé yín ṣófo o! Eré tuntun ti bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́rú, ẹ ò kọ nǹkan kan. Kí lẹ rí sí i?"

"N kò tíì ráyè wò ó."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin ò ráyè? Wọ́n á tún un ṣe láago méjì òní. Ó yá, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó." Ó ti mú rìmóòtù.

Ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, oògùn tí a fi ń mú irun ká ń kán lára rẹ̀, ìdajì orí Ìyá ti wà nínú rólà. "Toyoko-san, ẹ jẹ́ ká pa á. Orí ń fọ́ mi."

Ìyá ló dáhùn. "Fi sílẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo ìlú ti ń wò mí bí ẹni tó gbé nǹkan sórí. Jẹ́ kí èmi náà wo nǹkan."

Eré bẹ̀rẹ̀. Chizuru wà lórí àga kejì, ó ń ṣí ìwé ìròyìn, kò kà á. Ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Morio. Nígbà tí òṣèrébìnrin gbé kúbùsù pupa jáde, ọwọ́ Chizuru dúró lórí ìwé.

"Pupa lohun tí mo ń rí yẹn," Ìyá wí. "Wakako, awò ojú mi dà?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí apá òsì yìí, Ìyá."

"Ó wà nínú àpò ẹ. Ìwọ lo bọ́ ọ lójú mi."

Ó wà nínú àpò mi lóòótọ́. Mo ń mọ̀ ọ́n lára itan mi. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, mo yọ awò náà, mo nù ún. Mo tún un nù. Ìyá na ọwọ́. Mo gbé e lé e lọ́wọ́, torí kí ni mo tún lè ṣe?

Ó wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́ tí kámẹ́rà sún mọ́ igun ìsàlẹ̀.

Ìyá na ọrùn sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Ọrùn ẹ̀ wọ́."

Toyoko ní, "Àbí? Ó mà wuyì o!"

"Ọjọ́ tí mo ń rán ẹyẹ yẹn, Shuji sáré wọlé, ó dì mọ́ mi lẹ́yìn, ó ní, 'Ìyá, Chizuru ti gbà láti fẹ́ mi.' Abẹ́rẹ́ yà, n ò sì tú u. Mo ní kó wà bẹ́ẹ̀." Ó bọ́ awò rẹ̀. "Chizuru, kúbùsù ta nìyẹn?"

Ìwé ìròyìn já bọ́ lọ́wọ́ Chizuru. "Ìyá..."

"Mo ní ta ló ni ín."

"Tèmi ni, Ìyá. Èyí tí ẹ rán fún wa."

Toyoko la ẹnu, ó wo èyí, ó wo tọ̀hún, kò tíì yé e. Eré ti parí, orúkọ àwọn èèyàn ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìwà Toyoko ni láti máa ka ohun gbogbo sókè.

"Ìtàn láti ọwọ́ Sugimori Wakako. Sugimori... Áà! Wakako-san! Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́!" Ó pàtẹ́wọ́. Mo búra fún yín, ó pàtẹ́wọ́ fún mi.

Chizuru yíjú sí mi. Mo ti mọ ojú yẹn láti ọmọ ọdún mẹ́fà, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ó dà bíi pé ó ń wá mi, tí kò rí mi.

"Abẹ́ aṣọ funfun yẹn ni mo ti sọ ọ́ fún ẹ," ó ní.

"Chizuru, dárí jì mí."

"Oṣù mẹ́ta ló kù, Wakako. Oṣù mẹ́ta péré."

Mo dojú bolẹ̀. Mo fi iwájú orí kan ilẹ̀ láàárín irun gbígé àwọn oníbàárà, ó ń lẹ̀ mọ́ ojú mi tó tutù. Mo gbọ́ tí àga Ìyá ró. Ó dìde pẹ̀lú ìdajì orí nínú rólà, aṣọ ìborùn ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ dúró! Oògùn wà lórí yín, á jó yín lórí. Ẹ jẹ́ kí n ṣan án!"

Chizuru ló dáhùn, kò bojú wẹ̀yìn. "Èmi á ṣan án."

Ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ìyókù, torí kò sí èyí tí ọwọ́ mi ká nínú rẹ̀. Wọ́n mú Morio kúrò nídìí ọkọ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan lẹ́yìn òkè, wákàtí mẹ́rin sí ìlú wa. Eré náà ń jáde ní gbogbo Ọjọ́rú. Mo mọ ohun tó wà ní apá kejì, mo mọ ti apá karùn-ún, èmi ni mo kọ wọ́n. Mo kàn ń jókòó dè wọ́n ni. Ní apá kẹwàá, awakọ̀ àti opó ṣe ìgbéyàwó, ìyá ọkọ ń rẹ́rìn-ín. Èyí kò sí nínú lẹ́tà mi, àwọn ló fi kún un. Àwọn obìnrin sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní mo ní ẹ̀bùn.

Nínú oṣù kọkànlá, Ìyá nìkan wọlé. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, mo fi aṣọ funfun bò ó lójú. N kò tíì da omi sí i tí ó fi bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọdún mẹ́rin, Wakako."

"Kí lẹ mọ̀, Ìyá?"

"Bọ́ọ̀sì wa máa ń dúró de ọkọ̀ ojú irin yẹn níbi tó ti dábùú ọ̀nà. Apá ọ̀tún ni mo máa ń jókòó sí. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń rí kúbùsù mi lókè, tí mo ń rí ọmọkùnrin yẹn tó ń nà án níka. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dùn mí. Nígbà tó yá, tí ìka yẹn bá pẹ́ kó tó nà, àyà mi á já."

Mo tún aṣọ tó wà lójú rẹ̀ ṣe.

"Mo ń dúró de Chizuru kó wá sọ fún mi ni. Mo ti múra ohun tí màá wí. Mo ti ń sọ ọ́ dánra wò níwájú àwòrán Shuji: 'Gbé kúbùsù ẹ dání, máa lọ, tìrẹ ni.' Ọjọ́ ìrántí pé, àlùfáà ṣe tirẹ̀ tán, Chizuru kúnlẹ̀ lóòótọ́. Ó ní, 'Ìyá, mo ti fòpin sí i.' Ó ní nítorí òun ni gbogbo ayé ṣe ń fi aṣọ ìgbéyàwó ọmọ mi ṣe ìran wò. Mo ní kó lọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó rò pé nítorí ẹnu ayé ni mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní mo ti mọ̀ tipẹ́, ó ní àánú òun ló ń ṣe mí. Lẹ́tà mẹ́ta ni ọmọkùnrin yẹn ti kọ. Wọ́n wà níwájú àwòrán Shuji, kò ṣí ọ̀kankan."

"Ìyá, kí ni kí n ṣe? Ẹ sọ ohun tí ẹ bá fẹ́, màá ṣe é."

"Kò sí," ó ní. "Fọ irun mi."

Mo fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, èmi náà mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí mo ń tẹ òǹtẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àṣírí rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ má rò pé tiyín ni nítorí pé ẹ mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ dáadáa ju ẹni tó ni ín lọ.

Chizuru kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Kò sí ṣọ́ọ̀bù míì ní ìlú wa, ara rẹ̀ ló ń gé irun rẹ̀. Láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀, tó bá ti sin Ìyá dé ìdí bọ́ọ̀sì, ó máa ń gba iwájú dígí mi kọjá lọ sọ́jà. Irun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ wọ́, apá òsì gùn ju apá ọ̀tún lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni màá fi tún un ṣe. Mo máa ń dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ títí tó fi máa kọjá.